Okùn Mẹ́rin Tí Jẹ́jẹ́ Rà

Aṣọ ló kọ́kọ́ sọ fún Jẹ́jẹ́ pé ìka rẹ̀ kò pé mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fún obìnrin aránṣọ kan, iṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó mú àkísà funfun kan, ó fi dán ẹ̀rọ náà wò, ó rán an lọ, ó rán an bọ̀. Nígbà tó gbé àkísà náà sókè, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ àti orí tábìlì láti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti wá.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ín," ni aránṣọ náà wí. "Ẹ wo ọwọ́ òsì yín. Abẹ́rẹ́ ti gún yín."

Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, abẹ́rẹ́ ti wọ ìka tó kéré jù.

"Ẹ̀rọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ," ó wí. "Ó fẹ́ rán èmi náà mọ́ ọn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ náà kò dùn ún rárá. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó mú abẹ́rẹ́ tuntun, ó sì rọra ń fi kan àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ dáhùn. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dákẹ́, bí ilé tí a kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ni Jẹ́jẹ́. Ó kù díẹ̀ kó pé ẹni àádọ́ta ọdún. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé kì í kánjú, àwọn kan sì ti sọ ọ́ di pé ọ̀lẹ ni. Wọn kò rò ó dáadáa. Ẹni tó bá rò pé ọ̀lẹ ni, kó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lọ bá a, kó jókòó tì í, kó sì wo bí yóò ṣe tú u palẹ̀ títí dórí nọ́ọ̀tì tó kéré jù, tí yóò fi òróró nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì tò wọ́n padà láìsí èyí tó kù sórí tábìlì. Ìfarabalẹ̀ ni wọ́n ń pe nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi ń jẹun. Gìtá béèsì ló fi ń gbé ilé ayé. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tó ti ń ta á nínú ẹgbẹ́ olórin kan náà, wọ́n sì máa ń pàdé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, níbi tí ìyẹ̀fun igi ti máa ń gba àárín pákó ilẹ̀ wọlé.

Mo gbọ́dọ̀ tún ohun kan ṣe níbí, nítorí pé mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gbọ́ gìtá béèsì, pé bí a bá yọ ọ́ kúrò, orin á ṣì máa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ wò. Àwọn tó ń jó á dúró, wọn kò sì ní lè sọ ohun tó dá wọn dúró. Okùn mẹ́rin péré ló ní, irin ni wọ́n, wọ́n sì nípọn ju ti gìtá yòókù lọ dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń ta wọ́n, ọwọ́ òsì ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́ igi. Bí ìka òsì bá tẹ okùn níbi tí kò yẹ, gbogbo ẹgbẹ́ ló ṣìnà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn, Jẹ́jẹ́ ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì dákẹ́. Ọ̀gá ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òun ló sì ń ta gìtá àkọ́kọ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀.

"Jẹ́jẹ́, kí ló dé?"

"Okùn ni, Ọ̀gá. Wọ́n ti gbó."

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Okùn náà ti gbó lóòótọ́, wọ́n ti lo ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta béèsì kì í pààrọ̀ okùn àfi bó bá já, torí pé bó ṣe ń gbó ni ohùn rẹ̀ ń rọ̀ sí i.

"Ra tuntun," ni Ọ̀gá wí. "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ wọn, torí Sátidé ọ̀sẹ̀ náà la máa ṣeré ní gbọ̀ngàn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ju ti okùn lọ, tètè sọ fún mi, kí n wá nǹkan ṣe sí i."

Gbogbo wọn ló mọ ohun tí "wá nǹkan ṣe" túmọ̀ sí lẹ́nu Ọ̀gá. Orúnkún onílù wọn àtijọ́ dùn ún nígbà kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ọ̀gá ti rí onílù mìíràn. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Ó gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún ti àtijọ́, ó ní kó máa wá gbọ́ àwọn. Ọkùnrin náà wá fún oṣù méjì, ó ń fi ọwọ́ lu itan ara rẹ̀ lórí àga yẹn, lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Ọ̀gá kì í lé ènìyàn. Àga ló máa ń fún ènìyàn.

Ní ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin. Obìnrin kan ló ni ín, ó máa ń fi ìgò ojú kọ́ ọrùn, ó sì fẹ́ràn kí ènìyàn mọ ohun tó ń béèrè.

"Irú okùn wo lẹ fẹ́?"

"Èyí tó dáa."

"Mi ò ta èyí tí kò dáa. Irú èwo?"

Ó kó oríṣi mẹ́ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Èyí tínrín. Kò nira láti tẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. Àwọn méjì yìí nípọn. Bí ẹ bá ta wọ́n, ilẹ̀ á gbọ́. Èyí dán, ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Èyí kejì rí gbágungbàgun, ohùn rẹ̀ mú, bí ẹ bá sì wọ́ ọwọ́ lórí rẹ̀ á máa han."

Èyí tó dán tó sì nípọn ni Jẹ́jẹ́ ti ń lò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òun náà ni Ọ̀gá fẹ́ràn. Ó di ojú, ó fi ìka méjèèjì tí kò dára wọ́ orí rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dà bí ẹni tó ń fọwọ́ pa afẹ́fẹ́. Ó gbé ọwọ́ sórí èyí tó rí gbágungbàgun. Níbẹ̀, nǹkan kékeré kan wà, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì: a kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

"Ẹ ń fọwọ́ pa okùn bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ," ni olùtajà náà wí.

"Ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ ni mo máa ń wà lójoojúmọ́."

Ó gbé béèsì kan tó ní okùn tínrín kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní kó ta á. Jẹ́jẹ́ ta á. Ìtẹ̀ rọrùn, inú rẹ̀ sì ti ń dùn díẹ̀ nígbà tí obìnrin náà mi orí.

"Ohùn ń fò sókè lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ jù. Okùn tínrín kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, á tẹ̀ kọrọdọ."

Òótọ́ ló sọ. Ìka tí kò mọ̀ pé òun ti kan okùn á máa tẹ̀ ẹ́ lọ ni.

"Ọdún mélòó lẹ ti ń ta á?" ó tún béèrè.

"Ó ti lé ní ọgbọ̀n."

"Ẹ ń wo ọwọ́ yín bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá."

"Ojú mi ni kò ríran dáadáa mọ́."

Irọ́ kejì nìyẹn láàárín ọjọ́ méjì, lẹ́nu ẹni tí kì í purọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pàápàá. Obìnrin náà wò ó, ó gbé ìgò ojú tirẹ̀ wọ̀, ó sì tún wò ó. Jẹ́jẹ́ dúró síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ó ń mú èyí, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀, ó tún ń mú un. Bó bá ra èyí tó dán, Ọ̀gá á fẹ́ràn ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò ní mọ ibi tó wà. Bó bá ra èyí tó rí gbágungbàgun, ìka rẹ̀ á mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Ọ̀gá á béèrè ohun tó mú un pààrọ̀ ohùn. Yàtọ̀ sí èyí, okùn tó nípọn ń fẹ́ agbára, bẹ́ẹ̀ àwọn ìka náà kò wulẹ̀ kú lásán. Okun ti ń tán nínú wọn pẹ̀lú.

Níkẹyìn ó mú èyí tó nípọn tó rí gbágungbàgun.

"Bí kò bá bá mi mu, ṣé mo lè dá a padà?"

"Bí ẹ bá ti gé e láti fi sára gìtá, ti yín ni," ni obìnrin náà dá a lóhùn.

Ilé wa ló ti fi wọ́n sára béèsì ní ọjọ́ Àìkú, lórí tábìlì oúnjẹ wa, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó mi, ní kó wá kí òun. Kò tíì fi okùn kejì sí i tí ìyàwó mi fi rí i pé ìka mẹ́ta ló fi ń gbé gbogbo nǹkan.

"Kí ló ṣe àwọn méjì yòókù?"

Jẹ́jẹ́ kò lè purọ́ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àkísà funfun dé ṣọ́ọ̀bù olókùn.

"O ti lọ sí ilé ìwòsàn?"

"Ó di lẹ́yìn Sátidé."

"Ṣé ìka náà mọ Sátidé ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá lọ, wọ́n á ní kí n sinmi. Bí mo bá sinmi, Ọ̀gá á gbé àga jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di Sátidé."

Ìyàwó mi ka ìka ọwọ́ àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó ń kà á fún ọmọ ọwọ́, ó sì dìde lọ sí ilé ìdáná. A ń gbọ́ bó ṣe ń gbé ìkòkò kalẹ̀ kíkankíkan.

Jẹ́jẹ́ ń yí okùn náà le díẹ̀díẹ̀. Kí okùn tó dé ibi tí ohùn rẹ̀ yẹ kó wà, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gba ìtẹ̀. Ó yí i dé ibi tó yẹ. Ìka tó kéré jù gbọ̀n, ó sì jábọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ó yí i padà sẹ́yìn. Ó tún gba ìtẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Okùn tí a kò fà le tán máa ń rọ̀ lábẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, bí ẹni tó dúró sórí àtẹ̀gùn tó tẹ̀ lé èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Nínú ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò gbà kí ẹnikẹ́ni lo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ohùn wà. Ó ní etí ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Jẹ́jẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ ta okùn kẹta rẹ̀, àwọn onígìtá yòókù á sì yí tiwọn títí á fi bá tirẹ̀ mu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlélógún nìyẹn.

"Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀," ó wí, "gbogbo wọn á bá mi sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ẹni tó ń kọrin ńkọ́?" ni mo bi í. "Wọn kì í yí ọ̀nà ọ̀fun."

Ó mú okùn tó kàn. Ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, kò sùn dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ó ń fi ìka lu etí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń wá ẹni tó sọ nù.

Ní Ọjọ́bọ̀, onílù ló kọ́kọ́ rí okùn náà.

"Ẹ wo bó ṣe ń tàn bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Jẹ́jẹ́, ta lo fẹ́ fẹ́?"

"Ìyá rẹ," ni Jẹ́jẹ́ wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ó ta okùn kẹta. Onígìtá kejì bẹ̀rẹ̀ sí í yí tirẹ̀. Ọ̀gá náà fi ọwọ́ kan tirẹ̀, ó dúró, ó wo òkè àjà. Lẹ́yìn náà Ọ̀gá yí okùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ka iye fún wọn láti bẹ̀rẹ̀.

Orin àkọ́kọ́ lọ. Ohùn okùn tuntun náà mú, ṣùgbọ́n bó ṣe rọ̀ díẹ̀ yìí ti pa ìmúná rẹ̀, Ọ̀gá kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí akọrin wọn ti máa ń gbé ohùn lọ sókè pátápátá, ohun kan ṣẹlẹ̀. Àǹtí ni gbogbo wọn ń pe obìnrin yìí, ó ju Jẹ́jẹ́ lọ ní ọdún mẹ́ta. Ó ti tó ọdún kan tó ti máa ń di ojú, tí iṣan ọrùn rẹ̀ á sì yọ, bó bá kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ yìí ó kọ ọ́ bí ẹni tó ń kí ará ilé. Ó yí ojú, ó sì wo Jẹ́jẹ́.

Nígbà tí wọ́n sinmi, ó wá dúró tì í létí fèrèsé.

"Jẹ́jẹ́, ohun tí o ṣe yẹn, má tún un ṣe padà."

"Àǹtí, mi ò ṣe nǹkan kan."

"Mo mọ ọ̀fun mi ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo ti ń bẹ̀rù Sátidé yìí láti oṣù tó kọjá. O ṣeun." Ó rò pé nítorí òun ni.

Kò pẹ́ tí afunfèrè dé. Ọ̀gá ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ nítorí gbọ̀ngàn. Ọkùnrin tó sanra ni, fèrè idẹ rẹ̀ wà nínú àpótí tó dà bíi ti dókítà. Jẹ́jẹ́ kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀. Ó mọ̀ pé fèrè idẹ kì í dúró de béèsì kó tó mọ ibi tó wà. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó sáré yí okùn náà sókè, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Afunfèrè fun ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì yọ fèrè lẹ́nu bí ẹni tí omi gbígbóná jó.

"Ẹ̀yin ti ṣubú," ó wí.

"Ẹgbẹ́ mi kì í ṣubú," ni Ọ̀gá wí.

Ọkùnrin náà kò bá a jiyàn. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde nínú àpótí, irú èyí tí Ọ̀gá kò fẹ́ rí, ó gbé e sórí sípíkà, ó sì ní kí Jẹ́jẹ́ ta okùn kẹta. Jẹ́jẹ́ ta á. Ọwọ́ ẹ̀rọ náà lọ sí apá òsì, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ìdajì ìgbésẹ̀ kan lẹ fi wà nísàlẹ̀."

Ọ̀gá yí ara padà. "Jẹ́jẹ́."

"Èmi ni mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni Àǹtí wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ibẹ̀ ti ga jù fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún yín."

Ọ̀gá yíjú sí i. "Láti ìgbà wo ni ohùn rẹ kò ti dé ibẹ̀ mọ́?"

Jẹ́jẹ́ rí ohun tó ń bọ̀. Bó bá dákẹ́, òun á bọ́, Àǹtí ni Ọ̀gá á sì wá nǹkan ṣe sí. Ó bọ́ béèsì lọ́rùn, ó na ọwọ́ òsì síwájú.

"Ọ̀gá, irọ́ ni. Nítorí tèmi ni Àǹtí ṣe ń purọ́, wọn kò sì mọ ohun tí mo ṣe é fún. Kì í ṣe ti ọ̀fun, kì í sì í ṣe ti okùn. Àwọn méjì yìí ti kú."

Onílù gbé igi rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Òní ló di ọjọ́ kẹwàá." Ìyàwó mi máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, bó bá ń ròyìn rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá ni.

"O sì ní okùn ló gbó."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta orin kẹrin fún mi. Ibi tó yára."

Jẹ́jẹ́ gbé béèsì kọ́, ó ta á. Ibi méjì jábọ́, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ.

"Tún un ta. Má lo àwọn tó kú. Méjì tó ṣẹ́ kù yàtọ̀ sí àtàǹpàkò ni kó o lò."

Ó tún un ta. Ó falẹ̀, àwọn ohùn kan kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò ṣìnà. Ọ̀gá di ojú títí ó fi parí.

"Orin mẹ́sàn-án la máa kọ ní Sátidé," ó wí. "Mẹ́fà nínú wọn, ìka méjì tó ọ. Ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ yára jù. Onígìtá kejì á gbà á lọ́wọ́ rẹ fún àwọn yẹn. Ní ọjọ́ Ajé, o ń lọ bá dókítà, ohun tí òun bá sì sọ ni màá gbọ́. Mi ò ní gbọ́ tìrẹ mọ́."

"Lẹ́yìn ọjọ́ Ajé ńkọ́, Ọ̀gá? Ṣé àga ni?"

"Bó o bá ń wá àga, gbé e wá láti ilé rẹ." Ó yíjú sí Àǹtí. "Ìwọ náà purọ́."

"Díẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó gbé e sókè mọ́."

Ọ̀gá fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Afunfèrè, ṣé o lè wá bá wa nísàlẹ̀ níbi tá a wà?"

"Á ni mí lára."

"Mo gbọ́. Ṣé o lè wá?"

"Mo lè wá."

Èmi àti ìyàwó mi lọ sí gbọ̀ngàn náà ní Sátidé. A jókòó sí ìlà kẹta, ní apá ibi tí Jẹ́jẹ́ dúró sí. Lẹ́yìn orin karùn-ún, ó bọ́ béèsì lọ́rùn, ó gbé e fún onígìtá kejì, ó sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle. Kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Ó kó wọn sẹ́yìn, ó kó wọn sí àpò, ó tún yọ wọ́n. Àwọn ènìyàn ń jó, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ohunkóhun ti yí padà, ohun tí mo rò pé ó dùn ún jù nìyẹn. Ìyàwó mi di apá mi mú láti ìbẹ̀rẹ̀ orin kẹfà títí dé òpin ìkẹjọ, èékánná rẹ̀ sì wọ̀ mí lára.

Nígbà tí ìkẹjọ parí, onígìtá kejì gbé béèsì náà padà fún un. Ó ń mi ọwọ́ bí ẹni tí iná jó.

"Gbágungbàgun ni okùn yìí o. Ó ti bó mi lọ́wọ́. Kí lo rí rà níbẹ̀?"

Orin kan ló kù, Ọ̀gá kò sì wẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá ó ti ṣe tán. Ó ti ń ka iye. Jẹ́jẹ́ gbé béèsì kọ́ ọrùn, ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ìka méjì sórí okùn, ó sì wọlé.